Àálè Tí Mo So Mọ́ Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ tuntun, kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà ní pálọ̀ mi ní Kàbà, wáyà tẹlifóònù sì wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ń tẹ ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé wa sí. Bí mo bá ti jókòó díẹ̀, àpótí kékeré kan á yọ lójú rẹ̀, á ní òun fẹ́ pe Íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò rán an. Mo pa á, ó tún yọ.

Ta ló rán an? Èmi àti àbúrò ìyàwó mi nìkan la ń lò ó. Olùkọ́ ni, ará Ìsánlú, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Àárín àwọn tí à ń bá ṣẹjọ́ ló sì ti lọ́rẹ̀ẹ́. Ọkàn mi sọ fún mi pé ìwé wa ló ń fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ojú ń tì mí láti pe àna mi lólè. Mo bá ṣe bí a ti ń ṣe lóko láti fi kìlọ̀ fún olè: mo já màrìwò, mo so ó pọ̀ mọ́ àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín, mo gbé e kọ́ ara kọ̀ǹpútà náà.

Ó ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án. "Okun o, ẹ̀gbọ́n," ló fi kí mi. Ó tẹjú mọ́ àálè náà. "Ṣé iṣu lẹ gbìn síbẹ̀ ni?"

Ó yé e pé òun ni mo so ó dè. Ó wọ yàrá, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

"Ẹ jókòó tì mí. Ẹ máa wo ọwọ́ mi."

Kò pẹ́, àpótí náà yọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábíyá.

Ó wá ṣí ibi tí lẹ́tà orí ẹ̀rọ ti ń wọlé, ó ń wò ó lójú ewé lójú ewé, títí ó fi rí àmì kan tó ní kí ẹ̀rọ náà máa pe Íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ láti yẹ lẹ́tà wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

"Ta ló fi èyí sí i?"

Mo rántí. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin lọ sí Jọ́ọ̀sì, tí n kò fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ pẹ́ kí n tó rí i, èmi ni mo fi àmì náà síbẹ̀. "Èmi ni."

Ó yọ ọ́. A jókòó, a ń retí. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, nǹkan kan kò yọ. Ó dìde síbi báàgì rẹ̀.

Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá, ẹ tú nǹkan yín kúrò kí àbúrò mi tó gbẹ́sẹ̀."

Mo ti so ó le jù. Eyín ni mo fi fà á kó tó tú. "Àna mi, mo fura sí ọ láìtọ́. Jọ̀wọ́, má lọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ gbé e lọ sórí iṣu yín, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé báàgì padà sí yàrá. Ṣùgbọ́n títí ó fi kọ́ ilé tirẹ̀, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ àfi tí mo bá jókòó tì í.