Bàbá Jókòó-Dìde àti Àtẹ̀gùn Àjà Kẹta

Ọjọ́ tí Bàbá mú dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni orúkọ náà, Jókòó-Dìde, mọ́ ọn lára. Orúnkún ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà tẹ orúnkún náà wò, ó mi orí.

"Ìyá, ẹ lọ wá ilé tó wà nísàlẹ̀. Àjà kẹta tí ẹ ń gùn yẹn ti ju agbára yín lọ."

Yàrá òkè yẹn ni Ìyá Aránṣọ ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀ láéláé.

"Dókítà," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ wá dìde láì fọwọ́ kan nǹkan kan."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó gbìyànjú àtidìde, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún gbìyànjú, bọ́tìnnì kan já lára ẹ̀wù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ló wá fà á dìde. Bàbá, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, jókòó, ó sì dìde wẹ́rẹ́.

"Dókítà, ilé tiyín ńkọ́? Ṣé ìsàlẹ̀ ló wà?"

Aláàárù ni Bàbá. Ogójì ọdún ló fi gbé kọ́bọ́ọ̀dù àti fìríìjì wọ ilé onílé. Lójú tirẹ̀, ara tí kò lè tẹ̀, tí kò lè gbé, tí kò lè gòkè, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé eré ìdárayá sí òdìkejì títì, ó mú géńdé kan níbẹ̀ tí apá rẹ̀ tó itan, ó ní kó bá òun gbé fóòmù ńlá kan lọ sókè. Irin tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ kì í rọ̀ mọ́ ẹni lọ́rùn, fóòmù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín àtẹ̀gùn ni géńdé náà ti ní kí wọ́n bá òun pe ìyá òun.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, Ìyá Aránṣọ bá iyọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, epo sì wà lókè téńté.

"Ta ló da ilé ìdáná mi rú?"

"Èmi ni. Wàá bẹ̀rẹ̀ mú iyọ̀, wàá nàgà mú epo."

"Bàbá, ṣé orí yín pé?"

"Orí mi pé. Orúnkún rẹ ló kù."

Bó bá rán apá aṣọ kan tán, àfi kó dìde, kó jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Oníbàárà kan wọlé bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ó rò pé àdúrà ni. Ó bá wọn dìde, ó bá wọn jókòó, ó sì ṣe àmín.

Ìyá Aránṣọ bú ọkọ rẹ̀ títí ẹnu fi ń ro ó. Bó bá ń gòkè, Bàbá á gbé àga tẹ̀ lé e, kó lè sinmi lójú ọ̀nà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Ìyá Aránṣọ dúró, ó yíjú padà.

"Ẹ gbé àga yín lọ. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ jókòó lé e."

Bàbá díbọ́n pé inú bí òun, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó sùn, kò jí. Àwọn aláàárù ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé pósí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà.

"Ẹ má jẹ́ kó kan ògiri o," ni àgbà inú wọn ń sọ. "Bó bá kan ògiri, á dìde bú wa."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí wọn obìnrin ti di ẹrù ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Màámi, ẹ ò lè máa dá gun àtẹ̀gùn yìí mọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi."

Ìyá Aránṣọ sọ̀kalẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó dé àjà kejì, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Màámi, ẹ dúró dè mí, ẹ jọ̀ọ́!"

"Rọra máa bọ̀, ọmọ mi."

Ó dé òkè, ó gbé báàgì sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Bàbá, ẹ wá wo ọmọ yín lórí àtẹ̀gùn," ni ẹnu rẹ̀ sọ kó tó rántí pé kò sí mọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó sunkún. Kò tíì sí ìgbà tó fẹ́ bú ọkọ rẹ̀ tó báyìí rí láyé rẹ̀.