Ààtàn Dà?

Orí mi ń gbóná lórí ohun tí mo kà lónìí.

Nínú WhatsApp àwa tá a jọ lọ ilé ìwé girama n'Iléṣà láyé 1970, ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ààtàn dà? Ọmọ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín o!" Ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi ni Ààtàn. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ ìyá wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí i. Wọ́n sọ ọ́ ní Ààtàn kí ikú lè kórìíra ẹ̀.

Láràárọ̀ tí tíṣà bá ti pe orúkọ ẹ̀, kíláàsì á dimú, wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò wẹ̀ mọ́, kò jẹun mọ́, ó kọjú sógiri. Àwọn àgbà ní ọ̀lẹ ni. Ó ní: "Màámi, ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n tẹ̀lé àwọn tó ṣáájú mi lọ."

Mo fèsì lónìí: "Ó wà lọ́dọ̀ mi ní Ìfẹ̀wàrà. Títí dòní, kì í dá ẹni tó bá pè é lóhùn."

Wọ́n ní: "Eré ọmọdé ni, jàre."

Ikú kórìíra ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rín wọn ló kọ́ ọ kó kórìíra ara ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta lẹ̀yin náà fi ṣeré báyẹn?