Ọrùn Odette

Mo ń po ẹ̀kọ mi láàárọ̀ yìí ní Batterie IV, ní Gabon níbí, nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn aládùúgbò mi bú jáde: "Ọ̀tá ìdílé mi, kú! Kú! Kú!" Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti dé ọrùn mi, ife sì ti fọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kan ilẹ̀kùn ọkùnrin yìí, èsì kan náà ló sì ń fún mi: "Ẹ má bínú, Màmá. Àdúrà ni, kì í ṣe ìjà."

Irọ́ ni. Ìjà ni. Ojú ogun rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ òní ò mọ àdúgbò wa Sibang ìgbà náà, tí igi máńgòrò pọ̀ ju ilé lọ, tí òjò á máa lu páànù títí a ò fi ní gbọ́ ohùn ara wa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Ó lè fi sùúrù so wáyà bí ẹni ń dirun fún ọmọ ìkókó. Àmọ́ tó bá di àárọ̀ Sátidé, tí àwọn ará ìlú wa tí a jọ wà nílẹ̀ àjèjì bá pé sí pálọ̀ wa fún àdúrà, ojú rẹ̀ á yí padà. Kálukú á bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, á dárúkọ ọ̀tá rẹ̀, á wá fi sálúbàtà na ilẹ̀: "Kú!" Màmá mi tí kò lè pa adìẹ, òun náà á na ilẹ̀ títí òógùn á fi bò ó. Simẹ́ńtì pálọ̀ wa là. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo rí tó là nínú àdúrà yẹn ní tòótọ́ ni bàbá tó ń rán bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Odette, ọmọ ilé kejì, máa ń jókòó tì mí. Ọmọ Gabon ni, Faransé nìkan ló gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni màmá rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló sì máa ń fi í sí ní Sátidé tó bá lọ síṣẹ́. "Cou" ni Faransé ń pe ọrùn, bí a sì ṣe ń pe "kú" gan-an ni wọ́n ṣe ń pè é. Odette gbà pé àrùn ọrùn ló ń bá ìdílé wa jà. Àánú wa ṣe é. Á máa fọwọ́ ra ọrùn tirẹ̀, á máa bá wa pariwo tọkàntọkàn: "Cou! Cou!" Mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbá mi létí.

Nígbà tó yá, Odette borí mi nínú àpèkọ ní kíláàsì wa. Bàbá mi wo ìwé èsì náà.

"Ta ló gba ipò rẹ?"

"Odette ni, sà."

"Dárúkọ rẹ̀ lọ́la."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo gbé sálúbàtà sókè. "Odette, kú!" Ẹ̀ẹ̀méje. Inú Odette dùn pé a dárúkọ òun nínú àdúrà. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọrùn rẹ̀ sí mi, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí lọ́rùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, sẹ́gẹdẹ̀ mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn rẹ̀ wú gan-an. Bàbá mi fi ẹran tó tóbi jù sínú àwo mi: "Ọlọ́run ti gbọ́ tìẹ, ọmọ mi." Mo ti dárí ìfọ́tí jì wọ́n. Ẹran yẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n, torí mo jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni ẹ̀rù bà mí. Mo lọ kúnlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé Odette. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, nínà ni. Mo kàn gbé ọwọ́ lé ọrùn ara mi: "Ọlọ́run, owú ni mo jẹ. Jẹ́ kí tèmi wú." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ òtítọ́ nípa ara mi fún Un.

Ibẹ̀ ni Bàbá bá mi. "Ọ̀tá lo ń bá bẹ̀bẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí!" Sálúbàtà kan náà ló fi nà mí, títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo pariwo gbogbo rẹ̀ ní Faransé, pé èmi ni mo ní kí Odette kú. Màmá Odette jáde, ó já sálúbàtà gbà lọ́wọ́ Bàbá, ó gbá a lójú pẹ̀lú rẹ̀. "Ọmọ tó ń bá yín gbàdúrà! Òun lẹ ní kó kú?"

Ìwú ọrùn Odette wálẹ̀. Òun àti màmá rẹ̀ kó lọ sí ìlú Ntoum. Orí ẹrù ló jókòó sí nínú ọkọ̀. Mo juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi bo ọrùn rẹ̀ mọ́ mi lójú. Mi ò rí i mọ́ títí dòní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn tèmi wú.

Ilé alájà pọ̀ ní Sibang báyìí, gbohùngbohùn sì ti gba iṣẹ́ sálúbàtà. Ikú tí a fi ń ránṣẹ́ ò tíì yí padà. Àdúrà abẹ́ fèrèsé náà ò kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n gbé ipò tí mo kàwé fún fún ẹlòmíì, mo gbé ọwọ́ lé ọrùn: owú ni. Ìwọ̀nba ìwà tí mo ní, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Láàárọ̀ yìí, mo gbá àfọ́kù ife jọ, mo sì sọ fún Ọlọ́run ẹni tó wù mí kó kú: aládùúgbò mi ni. Mo dúró títí ìbínú náà fi rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ kejì lọ́rùn mi.