Ọ̀gá Tó Ń Gbé Iṣẹ́ Wa Lọ sí Ìpàtà

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì kì í lè jókòó. Bí a bá ti ṣe ojú ewé tuntun tán, ó di ọjà Ìpàtà, kí oníṣu kan lò ó wò lórí fóònù. “Ẹni tó ṣe é kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ o!” ni òfin rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe tèmi. Alhaja kan tó ń ta iṣu ló gba fóònù lọ́wọ́ wa. Bí wọn ò bá rí ibi tí èèyàn ti ń rajà lórí rẹ̀, màá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Mo lanu, ọ̀gá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

“Ẹ gbà, n ò kàwé,” ni Alhaja wí, ojú ń tì wọ́n.

“Ẹ̀yin kọ́, Alhaja,” ni ọ̀gá dáhùn. “Ọmọ yìí ni ò tíì mọṣẹ́.”

Ó dùn mí. Àmọ́ Alhaja rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún nawọ́ gba fóònù náà.