Bí A Ṣe Pa Wàásù Bàbá Mi Rẹ́

Àpò iṣu ló já lu láptọ́ọ̀pù bàbá mi lẹ́yìn ọ̀kadà. Wọ́n lọ wàásù níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Àgọ́-Àmọ̀dù, àwọn onílé sì fi iṣu dá wọn lọ́lá. Ojú ẹ̀rọ náà fọ́ yángá, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe inú rẹ̀. Ìsẹ́yìn tí mo ti ń ṣe tíṣà ni mo ti gbọ́. Mo bá wọn kẹ́dùn lẹ́nu, inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀, torí háàdì tèmi, ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó nǹkan pamọ́ sí, ti kú, tiwọn sì jẹ́ SSD, irú tuntun tó pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, tó sì yára.

Mo wọ mọ́tò lọ sílé wa ní Ṣakí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pa ohun tó wà nínú háàdì wọn rẹ́, kí n fi sínú láptọ́ọ̀pù tèmi. Bàbá mi wò mí bí ẹni pé mo ní ká wó mọ́sálásí wọn. Àáfà ni wọ́n, gbogbo wàásù tí wọ́n ti ń ṣe nínú ààwẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń ba bàbá mi láyé: kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má rí ẹni gbọ́ ọ.

"Ta ni yóò tún gbọ́ ọ bí o bá pa á rẹ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo so ẹ̀rọ wọn mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, mo da gbogbo wàásù náà kọ sínú fíláàṣì, mo sì tan ọ̀kan fún wọn. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n mi orí. Wọ́n tiẹ̀ ní "Òótọ́ ni" sí ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn sọ. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

"Ááyà Àlùkùránì pọ̀ nínú rẹ̀," ni wọ́n tún wí. "Bí wàláà bá kún nílé kéwú, a kì í kàn nù ún dànù. Omi tó mọ́ la fi ń fọ ohun tí a kọ sára pátákó náà, a ó sì mu omi ọ̀hún. Tìẹ yìí ńkọ́? Omi tirẹ̀ dà?"

Mo ní kò lómi. Wọ́n ní ibi tó burú sí gan-an nìyẹn. Inú mi a máa tètè ru, bàbá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra sọ̀rọ̀, ìyẹn sì túbọ̀ ń mú inú bí mi. Níkẹyìn a fẹnu kò: mo máa ṣe àlùwàlá, mo máa ṣe Bísímílááhì kí n tó tẹ bọ́tìnnì, bàbá mi yóò sì gbé abọ́ omi kan síwájú tẹlifíṣọ̀n kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà, mo ṣan ẹsẹ̀ kí n tó fọ́ọ̀mátì háàdì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti tán.

"Gbogbo rẹ̀?" ni bàbá mi wí. Tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ààwẹ̀ mélòó ni mo fi sọ ọ́ ná?"

Ó dùn wọ́n. Ó dá mi lójú pé wọn ì bá fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, kó tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣagídí.

Mo yọ háàdì náà, mo gbé e lé tábìlì, mo jáde lọ yá síkírúdíráfà tó kéré, tí mo máa fi tú láptọ́ọ̀pù tèmi, lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò. Nígbà tí mo fi máa dé, háàdì ò sí lórí tábìlì mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i, nínú oòrùn, láàárín gbodo, iṣu bíbọ̀ tí ìyá mi sá kó gbẹ, omi sì ń kán lára háàdì náà tótó. Ìyá mi dúró tì í. Abọ́ omi iwájú tẹlifíṣọ̀n wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti mu ún gbẹ.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń fọ fóònù wọn náà. Mo sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé ìyá mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá mi náà ti jáde síta.

"Ìyá àwọn ọmọ, èwo ni ti mímu? Mo kàn gbé omi yẹn síbẹ̀ ni."

Ìyá mi nu ẹnu, wọn ò kánjú. "Àáfà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n máa ń mu ún. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wàásù nínú ààwẹ̀, ilé ìdáná ni mo máa ń wà, tí mò ń se ìṣínu àwọn tó ń gbọ́ yín. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan délẹ̀ rí. Mo ní kí n kúkú mu ún."

Bàbá mi gba abọ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbodo tí ò nílò kí ẹnikẹ́ni yí i.

Háàdì náà gbẹ, ó sì ṣiṣẹ́, òun ni mo fi ń kọ èyí. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi gbé àga wọn sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí ìyá mi ti ń gúnyán. Mo na fíláàṣì sí wọn, wọn ò gbà á. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ wàásù ọjọ́ kìíní ààwẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, Àáfà," ni ìyá mi wí. "Odó ò jẹ́ kí n gbọ́."

Wọ́n sọ ọ́ sókè. Odó náà ń dún. Mo dìde kí n gba iyán náà gún, bàbá mi ní kí n jókòó. Wọ́n ká apá agbádá wọn, wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì fi àga tiwọn han ìyá mi. Àáfà ń gúnyán, Àáfà ń wàásù, èémí ò sì tó méjèèjì. Ìyá mi jókòó, wọ́n káwọ́ lé itan, wọ́n ń gbọ́. Iyán yẹn kún fún kókó, a sì jẹ ẹ́ tán.