Ọjọ́ Tí Mo Ń Palẹ̀ Alùpùpù Mi Mọ́ fún Òtútù

Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n ti kéde láti àárọ̀ pé atẹ́gùn òtútù ń bọ̀ láti àríwá, pé kí ilẹ̀ tó mọ́, yìnyín yóò ti bo gbogbo ọ̀nà Dallas. Alùpùpù mi ṣì wà ní gáréèjì bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

A kì í fi alùpùpù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ìgbà òtútù. Ọdún tó ṣáájú, mo fi tèmi sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn padà dé, epo inú kábúrétọ̀ ti ki bí oje igi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi tú u tí mo fi fọ̀ ọ́. Mo búra pé kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ náà kò sì le: èèyàn á rọ epo kún táǹkì, á da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, á tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oògùn náà lè dé ibi gbogbo. Lẹ́yìn náà, á pààrọ̀ ọ́ìlì, á yọ bátìrì, á fi àkísà dí ẹnu páìpù èéfín kí eku má bàa wọ̀ ọ́, á wá fi aṣọ bò ó.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fojú kan Amẹ́ríkà nìyẹn. Nítorí orúnkún wọn tí kò gba àtẹ̀gùn mọ́, a fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé wa ní Rowlett, lẹ́bàá Dallas. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá náà àti gáréèjì. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń pariwo tí èéfín burúkú bá wọlé, èyí tó wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ké píìn, píìn. Bátìrì rẹ̀ ló fẹ́ kú.

"Kí ni nǹkan yìí ń sọ?" ni wọ́n bi mí. "Kò jẹ́ kí n sùn."

Mo gun àga, mo yọ ọ́ kúrò lára ògiri, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ní ilé ìdáná. Mo ní màá ra bátìrì tuntun tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mi ò rà á lọ́jọ́ kejì. Mi ò rà á lọ́jọ́ kẹta.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó wà níbi iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan lápá Oak Cliff, ó ku èmi àti màmá nílé. Wọ́n jẹun tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo ṣí ilẹ̀kùn ńlá gáréèjì sílẹ̀ gbayawu, mo rọ epo, mo da oògùn sí i, mo tan ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dún. Atẹ́gùn ti ń gbé ewé gbígbẹ wọlé.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí fóònù mi dún. Ibi iṣẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn oníbàárà wa gbára lé ti dákẹ́, èmi ló sì kàn láti dáhùn ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo wo alùpùpù, mo wo fóònù. Mo ní kí n tó padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ti pé. Mo fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń kùn, mo sáré gòkè lọ sídìí kọ̀ǹpútà mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, ogún di ogójì. Ọ̀gá mi ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn mẹ́ta mìíràn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo yọ íápíìsì létí, mo gbọ́ alùpùpù náà, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí pé ìró rẹ̀ kò wá láti ìta mọ́. Inú ilé ló ti ń dún, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Òórùn èéfín ti gba ilé ìdáná. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó lọ sí gáréèjì, mo rí i pé ilẹ̀kùn ńlá tí mo ṣí sílẹ̀ ti wà ní títì pa. Ta ló tì í? Kò sí àyè ìbéèrè. Mo di imú mi mú, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tẹ bọ́tìnì ara ògiri kí ilẹ̀kùn lè ṣí, mo yí padà.

"Màámi!"

Mo sáré wọ yàrá wọn.

Wọ́n dojú kọ ògiri, ẹsẹ̀ wọn kan ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bíi pé wọ́n ti gbìyànjú láti dìde. Wọ́n ti bì sórí ìrọ̀rí. Mo jí wọn, mo tún jí wọn, kí wọ́n tó la ojú.

"Orí mi," ni wọ́n wí. "Orí mi ń fọ́. Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ẹsẹ̀ wọn kò gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa ọwọ́ wọn méjèèjì sí ọrùn mi, mo pọ̀n wọ́n jáde. Mo gbé wọn kalẹ̀ lórí koríko iwájú ilé, nínú atẹ́gùn yẹn, mo fi jákẹ́ẹ̀tì mi wé wọn, mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ojú wọn tún ń padé.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, Mà. Ẹ ka orúkọ àwọn àbúrò yín fún mi."

Mẹ́fà ni àbúrò wọn. Wọ́n ka mẹ́ta, wọ́n dákẹ́.

Àwọn panápaná dé pẹ̀lú ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí màmá nímú. Ọ̀kan gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn èéfín wọlé, nígbà tó jáde, ó mi orí.

"Ṣé kò sí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nínú ilé yìí ni?" ló bi mí.

"Ó wà," ni mo wí.

Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́.

Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn ìyàwó mi nígbà tó sáré wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wa lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un. Nígbà tí mo débi ilẹ̀kùn gáréèjì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo tì í," ló wí. "Fóònù mi ló sọ fún mi pé gáréèjì ti wà ní ṣíṣí láti ìgbà pípẹ́. Mo rò pé o gbàgbé ni."

Láti ìgbà tí olè ti kó irinṣẹ́ wa, a ti ṣe é kí ó lè máa fi fóònù ti ilẹ̀kùn náà níbikíbi tó bá wà. Ó ti bá mi tì í bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, mo máa ń dúpẹ́.

"Mo fẹ́ẹ̀ pa ìyá ẹ," ló wí, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo kàn dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tó wákàtí kan tó fi jókòó pẹ̀lú ẹrù yẹn, èmi náà jókòó tì í, mò ń wò ó. Ohun tí mò ń rò ni ojú tó máa fi wò mí tó bá mọ̀ pé mo ti yọ ẹ̀rọ náà. Ó tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Dókítà wá sọ fún wa pé màmá ti ń bọ̀ sípò, pé wọ́n á ṣáà sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyàwó mi lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Kì í ṣe òun, Mà," ni mo wí. "Èmi ni mo tan ẹ́ńjìnnì tí mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó pariwo, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Mi ò ra bátìrì."

Màmá yọ ohun tó wà nímú wọn. "Ṣebí èmi ni mo ní kò jẹ́ kí n sùn."

"Ẹ ò ní kí n yọ ọ́, Mà."

Ìyàwó mi dìde díẹ̀díẹ̀ lórí orúnkún. "Láti ìgbà wo ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀?"

"Láti Ọjọ́rú."

"O wá jókòó tì mí níbí, ò ń wò mí bí mo ṣe ń sunkún."

"Ẹ má jà lé mi lórí," ni màmá wí. "Mi ò tíì kú." Wọ́n gbé nǹkan náà padà sí imú wọn, wọ́n pa ojú dé.

Yìnyín bọ́ ní òru. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a rọra fi ọkọ̀ gbé wọn padà sílé. Mo ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀ mẹ́ta, mo kàn wọ́n kí n tó bọ́ bàtà. Fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn màmá nìkan ni ìyàwó mi ń bá mi sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ mẹ́wàá náà, oòrùn yọ díẹ̀. Mo ti alùpùpù náà jáde síwájú ilé. Ìyàwó mi jáde wá, ó ká apá mọ́ àyà.

"Kí ló kù?"

"Ọ́ìlì àti bátìrì."

"Ṣe é níṣojú mi."

Mo tú ọ́ìlì dà sínú abọ́, mo rọ tuntun, mo yọ bátìrì, mo fi àkísà dí páìpù. Kò jókòó. Nígbà tí a ti í wọlé tán, tí mo gbé aṣọ ìbora, ó mú etí kejì. A jọ bò ó.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ló wí.

"Mo mọ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ po tíì fún màmá.