Ìgbẹ́ Bàbá Ìyàwó

Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rẹ́ mi ti fi ń gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ èèyàn lójú fèrèsé yàrá àyẹ̀wò nílé ìwòsàn wa. Ayẹ̀gbẹ́wò là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó mọ bí ojú ṣe máa ń ti ẹni tó gbé ike kékeré wá: ẹlòmíì á wé e ní bébà mẹ́ta, ẹlòmíì á gbé e kalẹ̀, á wá máa wo òrùlé. Kì í wo ojú wọn. "Ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ padà wá lọ́la." Ó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ìyàwó rẹ̀ ló yọ lójú fèrèsé, pẹ̀lú nǹkan kan lábẹ́ abíyá. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èèyàn tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìdọ̀tí òun. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. "Mo ní kí n yà kí ẹ ni," ni bàbá wí, wọ́n sì gbé ẹrù wọn padà sílé.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ ní bàbá òun ò jẹun mọ́, pé inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń sọ pé ata ló fà á. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé kì í ṣe ata. Àgbàlagbà ò ní omi lára tó lè máa yà dànù báyẹn. Bí wọn ò bá tètè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ikú ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ó lọ bá wọn nílé, ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ wọn fẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìgbẹ́ yín."

"Ṣé o ti mutí ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àbí kò sí?"

"Ó wà. Ìwọ lo máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni, sà."

"Báwo lo ṣe máa wá máa kí mi lẹ́yìn ìyẹn?"

"Bí mo ṣe ń kí yín náà ni."

Bàbá gbà, àmọ́ wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ orúkọ àwọn sí ike náà. "Kọ tìẹ."

Ó kọ tiẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí tí kò fi wá orúkọ mìíì. Ó ti gbà fún àna rẹ̀, ó parí. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn kún inú ìgbẹ́ náà bámú. Ó gba oògùn, ó gbé e fún bàbá, ara bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa rí orúkọ ọ̀rẹ́ mi lórí ìwé èsì àyẹ̀wò, ó lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kó má baà kó o ran èèyàn. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé Ayẹ̀gbẹ́wò kì í fọwọ́. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, ó sì ní kí àwọn ọmọ má sún mọ́ bàbá wọn. Ọ̀rẹ́ mi ò tú àṣírí bàbá; ó gbé ìjókòó rẹ̀ lọ síta.

Ní ọjọ́ Àìkú, bàbá wá kí wọn. Wọ́n bá ọ̀rẹ́ mi níta, òun nìkan, pẹ̀lú ife rẹ̀.

"Ẹ má jókòó tì í, Bàbá," ni ọmọ wọn wí. "Ó kó ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ọkùnrin tí ò mọ ọwọ́ fọ."

Bàbá mú ife náà, wọ́n mu omi inú rẹ̀ tán.

"Bàbá, ife aláìsàn nìyẹn."

"Èmi ni aláìsàn náà," ni bàbá wí. Wọn ò lè gbójú sókè. "Ìgbẹ́ mi ni wọ́n yẹ̀ wò. Èmi ni mo ní kó kọ orúkọ ẹ̀ sí i."

Wọ́n jókòó ti ọkọ ọmọ wọn. "Má bínú sí mi, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Ọ̀rẹ́ mi ní ojú ò ti òun tó bẹ́ẹ̀ rí, àgbàlagbà tó ń bẹ òun.